Ike Tí Adéfọláhàn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé Wálé

Iṣẹ́ tí Adéfọláhàn ń ṣe ní Warri kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ròyìn nídìí oúnjẹ. Ìgbẹ́ ló ń yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ tó fara pamọ́ ló ń wá níbẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ìfun kì í pariwo tó bá ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín tí ojú lásán kò lè rí ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ́ kọ̀m̀pútà kan láti máa fi ọjọ́ orí ènìyàn, bó ṣe ń rù àti àrùn ìdílé rẹ̀ sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tètè fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀.

Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Agbassa, bẹ̀rẹ̀ sí í rù, Adéfọláhàn gbé ọ̀rọ̀ Màmá síwájú kọ̀m̀pútà. Kọ̀m̀pútà ní kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà nínú ìfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún. Adéfọláhàn ní kí àwọn kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ná.

Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Níbi iṣẹ́ wọn, Nọ́ọ̀sì Rosemary ló ń pín ike tí wọ́n ń bu ìgbẹ́ sí fáwọn aláìsàn. Nọ́ńbà ló wà lára ike, kò sórúkọ, ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni Adéfọláhàn, ó rò pé ìwọ̀sí ni kí àna òun lọ tò láàárín èrò. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló rán an níṣẹ́? Ó gbé ike wálé, ó kọ orúkọ Màmá sí i lára gàdàgbà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Lọ́jọ́ kejì, Màmá fi aṣọ wé ike náà, ó dá a padà láìwo ojú rẹ̀.

Èsì jáde, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Inú Adéfọláhàn dùn débi pé ó ra ẹja ńlá wálé lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé kọ̀m̀pútà ló ṣìṣe.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kún ilẹ̀. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ ti gba ìfun, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Ìbànújẹ́ dorí Adéfọláhàn kodò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ọláídé, ìyàwó rẹ̀, lọ po ẹ̀kọ, ó jókòó ti ibùsùn.

"Màmá, mi ò mọ bí àyẹ̀wò mi ṣe fojú fo ẹ̀jẹ̀ yín."

Màmá ní, "Bàbá Láyí, ẹ má bínú. Kì í ṣe tèmi. Ti Láyí ni mo bù síbẹ̀."

"Ti Láyí kẹ̀?"

"Ṣé kí n gbé ìgbẹ́ mi fún ọkọ ọmọ mi kó máa tú u wò ni? Ojú wo ni mo fẹ́ fi máa wò yín?"

Adéfọláhàn wá rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ike padà, Láyí, ọmọ rẹ̀ kékeré, ti sáré bá a ní pálọ̀: "Daddy, Grandma say make I no flush my poo-poo o!" Ó ti rẹ́rìn-ín, kò bi í pé kí ni Màmá fẹ́ fi ìgbẹ́ ọmọdé ṣe. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Màmá tún béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ gbé ike fún àwọn yòókù?"

"Rárá, Mà. Nọ́ọ̀sì ni. A kì í mọ ẹni tó ni ín."

"Háà. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e fún mi ni, ǹ bá fún un."

Omi bọ́ lójú Adéfọláhàn. "Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, Mà."

"Èmi náà, Bàbá Láyí," ni Màmá wí, ó sì yíjú sí ògiri.