Oògùn Tó Ń Ṣí Ipò

Ìgbà kẹta rèé lọ́sẹ̀ kan tí Ọ̀gá Kékeré bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú àpótí oògùn ẹ̀fọ́rí. Òun ni olórí àwọn apòògùn nílé ìwòsàn náà. Torí pé ọjọ́ orí rẹ̀ kéré ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn kan bá ṣèèṣì gbé e mì, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá.

Àwọn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn: òun àti Màmá Pẹ̀lẹ́, àgbà apòògùn tí gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n máa fi ṣe olórí. Màmá ò bínú. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ló ń fẹ̀rín wí láràárọ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń ba Ọ̀gá Kékeré lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ejò nínú!

Ó bá ń ṣọ́ ọ. Màmá á gbé páálí oògùn lọ sójú fèrèsé, á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, á yára fi pamọ́.

"Kọ̀wé fẹjọ́ sùn kó tó bá tìẹ jẹ́," ọkọ Ọ̀gá Kékeré wí.

Ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tó fẹ́ lọ fi í lé ọ̀gá ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Ó yà sínú ilé àdúrà kékeré tó wà nínú ọgbà, ó jókòó.

"Jésù, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀tá ni obìnrin yìí, àbí ẹ̀rù ló sọ ọ́ dọ̀tá lójú mi. Dì mí mú."

Kò gbọ́ ohùn kankan. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ rọlẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Ìgbà náà ló rántí pé òun ò tíì bi Màmá léèrè ohunkóhun.

Ó padà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?"

Màmá gbé páálí oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ojú mi ni. Gbogbo lẹ́tà ti di eèrà, mi ò lè ka orúkọ oògùn mọ́. Mo mọ̀ pé bí o bá gbọ́, o máa lé mi dànù ni. Gbogbo ìgbà ni mò ń ṣọ́ ẹ."

"Ẹ̀yin náà ń ṣọ́ mi?"

Ọ̀gá Kékeré fa ìwé ẹ̀sùn náà ya. Ó mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, lẹ́yìn náà ó gbé ìwé orúkọ àwọn tó gboògùn lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti lo oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò mì. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn sọ pé àlàáfíà ni òun wà, ó gbórí lé tábìlì, ó sunkún ọpẹ́.