Ibòòji Àkọ́kọ́

Ní gbogbo Ìtòkú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Haleemah kì í ṣi ìṣirò. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, bàbá rẹ̀, Alhaji Jùbrílù, kò sì jẹ́ kí etí ará àdúgbò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Àlímọ̀ ni bàbá ń pè é. "Tí Àlímọ̀ mi bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn!" Họ́wù, ìyìn náà a máa pani.

Bàbá ń kọ́ mọ́ṣáláṣí kan sí Kọ́bapẹ́, lórí ilẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ku dóòmù nìkan. Mùs'áb, àbúrò Haleemah tó jẹ́ wẹ́dà, ló fi irin pẹlẹbẹ jó o pọ̀: ìdajì bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Kréènì ni yóò gbé e gorí òrùlé. Wọn kò lè so orí rẹ̀ nítorí oṣù àti ìràwọ̀ tí wọ́n ti jó mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọn yóò jó ìkọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo gan-an ni kí n jó ìkọ́ sí, tí kò fi ní takìtì?" Mùs'áb bi í lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Haleemah rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń wá ojú ibi tí gbogbo ìwúwo nǹkan ti pàdé. "Ìkọ́ gbọ́dọ̀ ga ju ojú ibẹ̀ lọ," ló wí, "torí ẹrù tí ìwúwo rẹ̀ bá wà lókè ìkọ́ yóò yí ni. Ìdajì bọ́ọ̀lù tó ga ní mẹ́jọ, mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ti pàdé. Jó o sí mẹ́ta àtààbọ̀."

Kí ó lè dá Mùs'áb lójú, ó la wọtamẹ́lọ̀n sí méjì, ó da ojú ìdajì kan délẹ̀, ó gún igi tín-ínrín kan láti ẹ̀gbẹ́ já sí ẹ̀gbẹ́, níbi tó bá ìṣirò mu. Ó di igi náà mú lápá méjèèjì, ó gbé e sókè. Wọtamẹ́lọ̀n dúró ṣinṣin. Mùs'áb pàtẹ́wọ́, ó lọ jó ìkọ́ rẹ̀.

Àṣà kan wà lágbo ilé wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń bo orí mọ́ṣáláṣí, àgbà ilé ló ń jókòó lórí awọ àgbò lábẹ́ ihò òrùlé tí dóòmù yóò bò, kí ibòòji àkọ́kọ́ lè bọ́ sí i lára. Wọ́n ní àdúrà tó bá gbà níbẹ̀ kì í padà lófo. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Alhaji Jùbrílù, ọjọ́ yẹn ló sì ń retí.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọkùnrin ti lọ sí Kọ́bapẹ́. Àlhájà Àfúsá, ìyá Haleemah, fi ṣíbí ha inú wọtamẹ́lọ̀n náà jẹ tán, ó ní kí ọmọ òun bá òun da èèpo rẹ̀ nù. Haleemah gbé e, ó rí ihò méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eré ló fi ṣe: ó ti igi náà padà síbẹ̀, ó gbé e sókè.

Èèpo náà takìtì.

Ó tún un ṣe. Ó tún takìtì. Dóòmù kò kún! Ohun tó kún dénú ló ṣírò. Èyí tó ṣófo, ààrin gíga rẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ti ń pàdé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìkọ́ sì wà ní mẹ́ta àtààbọ̀.

"Yéè! Màámi, mo gbé!"

Ó pe Mùs'áb títí, kò gbé e. Ọ̀kadà ló gùn, kò tilẹ̀ rántí wọ bàtà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó sáré, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí kréènì má tíì dé.

Kréènì ti dé. Dóòmù ti wà lójú ihò, ó ku díẹ̀ kó kan òrùlé. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi okùn fà á mú lórígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òógùn bò wọ́n, nǹkan náà ń bá wọn jìjàkadì. Mùs'áb tó wà lókè pẹ̀lú wọn rò pé atẹ́gùn ni. Okùn yẹn nìkan ni kò jẹ́ kó yí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u kó tó lè wọlé.

Haleemah já wọ inú mọ́ṣáláṣí. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí awọ àgbò, ibòòji ti bò ó, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í! Mo ṣi ìṣirò náà!"

Bàbá rẹ́rìn-ín sí i, bí ìgbà tó ṣì wà lọ́mọdé tí ẹ̀rù ààrá ń bà á.

"Ìwọ kẹ̀? Àlímọ̀ mi kì í ṣìṣirò." Ó gbójú sókè, ó gbé ohùn rẹ̀ ga. "Mùs'áb! Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ tú okùn!"

Ó ku ìṣísẹ̀ márùn-ún kí Haleemah dé ibi awọ àgbò náà nígbà tí ibòòji lára bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.