Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Bọ̀

Bí Ṣọlápé bá ti tan láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á lọ gbé omi kaná, nítorí ó mọ̀ pé omi á hó kí ẹ̀rọ náà tó jí. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàbà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti ìyá rẹ̀, Màmá Rachel, kí Màmá máa sọ ìtàn ayé àtijọ́ àwọn ará Owé tó ni Kàbà, kí ẹ̀rọ sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró díẹ̀. Ó tún ti há."

"Kí ni mo ń sọ ná?" Màmá á bi í. "Ó ti bọ́ lẹ́nu mi."

Nígbà tó sú Ṣọlápé, ó pe Boaz àbúrò rẹ̀ ní Àbújá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ra òmíràn.

"Àǹtí mi, ẹ má tíì rà á o," ni Boaz wí. "Tuntun kan ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọpọlọ tí wọ́n fi sínú ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí Màmá bá ṣe ń sọ̀rọ̀, òun fúnra ẹ̀ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin kàn máa jókòó ni."

Ọ̀rọ̀ yìí tu Ṣọlápé lára, torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó pa ti àtijọ́ dé, ó ní ó di ìgbà tí tuntun bá dé. Ọdún yí po, àwọn tó ń ṣe é ní ó tún di ọdún mìíràn. Ní gbogbo àkókò yìí, iyè Màmá ń ra díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Adétutù ni Màmá ń pe Ṣọlápé, orúkọ àbúrò Màmá tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

Láptọ́ọ̀pù náà wá dé lóòótọ́. Boaz fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wálé. Ó fẹ́lẹ́, kò gbóná, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ó ti tàn. Iná ọba lọ, ẹ̀rọ ò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n gbé e síwájú Màmá, Màmá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa odò tí wọ́n ti ń pọnmi lọ́mọdé. Ẹ̀rọ kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ wúruwùru ló kọ: Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀, àti orúkọ ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí.

Boaz rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Kò tíì gbọ́ èdè Owé ni. Èyí tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn èyí..."

"Boaz, ó tó." Ṣọlápé ò pariwo. "Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Èmi àti ìwọ la di ẹrù tó kù lé e lórí."

Boaz wo Màmá, ó sì pa ẹ̀rọ náà dé.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣọlápé ti ilé ẹ̀kọ́ dé. "Okun o, Màmá," ló kí wọn, ó sì ṣí ẹ̀rọ náà. Kò há rárá. Ṣùgbọ́n Màmá ò rántí ìtàn kankan mọ́. Wọ́n bèèrè ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó irú tó wà nínú oòrùn wọlé kí òjò tó dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí irú lóde. Ó rẹ Ṣọlápé dé eegun, síbẹ̀ ó gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Adétutù," ni Màmá wí, "ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá?"

Ṣọlápé sún mọ́ wọn.

"Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa sọ ọ́."