Ilẹ̀kùn Kejì Lọ́wọ́ Òsì

"Ta ni obìnrin tó wà nínú yàrá mi yìí?"

Bàbá arúgbó náà ló ń béèrè. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Obìnrin tó ń wí ti gun orí àga, ó fi tówẹ̀lì bo àyà, ó ń pariwo ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nínú ilé náà. Ìyá Àlejò sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù lọ́wọ́, ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ bẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ni," ó sọ fún àlejò. Ó yíjú sí arúgbó náà. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Yàrá àlejò nìyí."

"Àlejò wo? Ta ló fún un láyè?"

"Èmi ni, bàbá."

Bàbá ń fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

Àwọn ará àdúgbò ò ṣàdédé sọ ọmọ rẹ̀ ní Ìyá Àlejò. Omi kan wà lẹ́yìn ìlú náà tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Láyé ọjọ́un, ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ni, kò sẹ́ni tó rò pé ó tó wò. Àfi bí ìjọba ṣe da ọ̀dà sójú títì, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkèèrè wá, tí wọ́n ń ya fọ́tò omi bí ẹni pé omi ò sí nílé wọn. Bí eré bí eré, ìlú yí padà. Ọkọ Ìyá Àlejò, tó ti jókòó sílé tipẹ́ láìníṣẹ́, di awakọ̀ àlejò. Alágbàfọ̀ ilé kejì ò ráyè sinmi mọ́. Ilé tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nígbà tó ń ṣe bíríkìlà náà di ilé àlejò. Wọ́n fi yàrá àwọn ọmọ sílẹ̀, wọ́n fi ti tọkọtaya sílẹ̀, tọkọtaya wá ń sùn ní pálọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó bàbá lọ sínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ṣe. Owó àlejò ló gbé àwọn ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òun náà ló ń ra oògùn ojú bàbá.

Kò pẹ́ tí ọkọ Ìyá Àlejò fi wọlé, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá tó ń kó àlejò wá fún wa ló pè. Obìnrin yẹn ti fẹjọ́ sùn, ó ń kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá ní tí bàbá bá tún wọlé bá àlejò, a ò ní rí ẹnì kankan gbà mọ́."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Mo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Ó ní ká máa gbé bàbá bọ̀ lábúlé lọ́la." Ó họ orí. "Mo mọ̀ pé ilé bàbá rẹ ni, kò yẹ kó tẹnu mi jáde. Àmọ́ ta ló máa sọ ọ́? Orí bàbá ti ń dàrú."

Ìyá Àlejò fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Láàárọ̀ àná, bàbá kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó dúró síta títí wọ́n fi ní kó wọlé. Ta ló ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀?

Alágbàfọ̀ tó wá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà ti gbọ́.

"Mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ ẹbí o, Ìyá Àlejò. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá kó àlejò wá mọ́, aṣọ ta ni n ó máa fọ̀? Ṣé ti ọkọ mi, tó jẹ́ pé ṣòkòtò kan náà ló ń wọ̀ láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra?"

Ìyá Àlejò rẹ́rìn-ín, omijé sì gba ojú rẹ̀. Òun gan-an ò mọ èyí tóun ń ṣe.

Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá, ó jókòó tì í.

"Bàbá, kí lẹ lọ ṣe ní yàrá yẹn?"

"Ilé ìwẹ̀ ni mò ń lọ."

"Ilé ìwẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ni mo tẹ̀lé. Ṣebí èmi ni mo mọ ògiri yìí. Tí mo bá ti fi ọwọ́ òsì kàn án, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni ilé ìwẹ̀, ìkejì ni yàrá mi. Àfi bí mo ṣe wọlé tí ọwọ́ mi kan bẹ́ẹ̀dì mi, ni mo bá jókòó. Ní báyìí, mo lè fọwọ́ kan ògiri kó máa dún bí àpótí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi, ọmọ mi. Ṣé orí mi ló dàrú ni, àbí ilé ló ń rìn?"

Ìyá Àlejò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun, ó wá di ojú. Ó fi ọwọ́ òsì kan ògiri, ó ní ilé ìwẹ̀ lòun ń lọ. Ilé tí wọ́n bí i sí ni, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀? Ògiri le lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí ṣákiṣàki. Ó ṣàdédé ń dán. Pákó tí ọkọ rẹ̀ fi pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n lè rí ibi tí àwọn àlejò á ti máa wẹ̀; òun ló bo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń bá a lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó ti í, ó la ojú.

Àga tí obìnrin yẹn gùn ṣì wà láàárín yàrá.

Ìtìjú bò ó. Orí bàbá pé pérépéré. Àwọn ni wọ́n gbé ilé rẹ̀ pa mọ́ fún un, tí wọ́n tún ń sọ pé kò mọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ńkọ́? Oògùn ojú ńkọ́? Ó ro ó lọ, ó ro ó bọ̀, kò rí ibi tí ì bá fi tì sí.

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ọkọ rẹ̀ ti gbé àlejò tuntun dé, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láti inú ọkọ̀.

"Yàrá bàbá ni wọ́n máa lò," ọkọ rẹ̀ sọ. "Àwọn yòókù ti kún."

"Yàrá yẹn ti lẹ́ni."

"Ta ni? Ṣebí obìnrin yẹn ti lọ?"

"Ó ti lẹ́ni."

"Ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá má kó àlejò wá fún wa mọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí lo wá mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, bàbá ọmọ mi. Yàrá yẹn ti lẹ́ni ni mo mọ̀."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú ohun tó máa ń mú fún gbogbo àlejò: tówẹ̀lì funfun, ọṣẹ tuntun, omi inú ike. Ó fa bàbá lọ́wọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé inú yàrá, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wọn.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ fara balẹ̀, ilé yín nìyí."

Bàbá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan tówẹ̀lì, ó gbọ́ òórùn ọṣẹ. Ó rọra jókòó sétí, bí ẹni tí kò fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

"Ẹ ṣeun o," ó wí. "Ọjọ́ mélòó lẹ fún mi?"

Ìyá Àlejò bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀. Níta, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣì ń dún. Ọkọ rẹ̀ ò pa á, kò sì wa ọkọ̀ lọ.