Orin Tó Ń Jáde Nígbà Tí Iná Bá Dé

Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ò ba òun rí, ọkọ rẹ̀ ò tíì kú kó máa kọrin ní pálọ̀. Florence ń gúnyán lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí iná dé, tí kíbọ́ọ̀dù Adéyẹyè ọkọ rẹ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin tí Adéyẹyè máa ń fi parí ìsìn ni, tòun ti ibi tó ti máa ń fà á díẹ̀ kí akọrin tó gbè é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìmẹ́ǹtì ibojì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán.

“Bàbá Ládépọ̀, kí lẹ tún ń wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.”

Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti dé, orin dé nìyẹn. Florence fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò ní kéèyàn má sá fún òkú. Ó tú páálí kíbọ́ọ̀dù náà wò. Abala ìwé kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, àwòrán bí wọ́n ṣe ń ki wáyà bọ iná ló wà lára rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ó mọ̀wé, àmọ́ kí ló fẹ́ kà? Ládépọ̀ tó fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láti Kánádà ni ì bá pè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú ò jẹ́ kí ọmọ yẹn wá sìnkú. Ta ni yóò sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò rí oorun sùn?

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Alàgbà Ọládiípọ̀ lọ. Ní ìjọ wọn, mọ́tò tuntun, òróró. Kànga tuntun, òróró. Ohun tó bá ń dẹ́rù bani, òróró ìgò kan gbáko.

“Ẹ̀mí yòówù kó wà nínú ulé yìí, á jáde!” Alàgbà da òróró sórí kíbọ́ọ̀dù tó ń kọrin lọ́wọ́ bí ẹni da epo sí iṣu sísun. Orin náà há, ó sì dákẹ́. Gbogbo ará ìjọ tó bá a wá hó yè.

Nígbà tí Ládépọ̀ pè, ọkàn Florence ti balẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀, àfi ti òróró.

“Mọ́mì, ẹ̀mí kọ́. Ìwé ìlò kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti kà á. Wọn kì í sábà tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bébà wọ́n, èdè pọ̀, wọ́n sì máa ń tún inú ẹ̀rọ yẹn ṣe lemọ́lemọ́, ìwé á kàn di ti àtijọ́. Ohun tí wọ́n bá gbà sínú rẹ̀ kẹ́yìn ló ń kọ bí iná bá dé, bí Dádì ṣe tò ó nìyẹn. Orin tí Dádì kọ kẹ́yìn lẹ gbọ́.”

Florence yíjú sí kíbọ́ọ̀dù náà, níbi tó ti faṣọ bò ó.

“Ẹ tàn án, Mọ́mì. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ n gbọ́ Dádì.”

Florence ká aṣọ tó fi bò ó kúrò. Òróró ń sun láàárín àwọn bọ́tìnì. Ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án, nǹkan kan ta pàú nínú, òórùn jíjó sì gba pálọ̀ kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò dún.

“Mọ́mì? Ṣé ẹ ti tàn án? Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”