Ọkọ̀ Tó Máa Pọn Ilé

Ọjọ́ kẹrin nìyí tí Nadine Krebs àti Orrin ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọkọ̀ kiri Yuma, ìlú kan nínú aṣálẹ̀, ó sì ti rẹ Nadine débi pé bó bá rí àga, á jókòó. Bí kò bá rí àga, á fara ti ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn, bó ti wù kí irin rẹ̀ gbóná tó. Oṣù kẹrin ti ń lọ sópin. Àwọn àgbàlagbà tó wá sá fún òtútù ti ń fa ilé wọn padà sí àríwá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ogóje ló wà nínú ọgbà tí wọ́n wà nígbà Kérésìmesì. Ó ku mẹ́sàn-án. Bí oṣù karùn-ún bá dé, ọwọ́ ò ní ṣeé fi kan irin ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ẹ̀rọ amúlétutù tiwọn sì ti ń wúkọ́.

Ilé onítáyà ni ilé wọn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í so mọ́ ìdí ọkọ̀ bíi tirela kékeré. Imú rẹ̀ ló máa ń gun àárín ẹ̀yìn ọkọ̀, ìkọ́ ńlá kan á gbá a mú níbẹ̀. Ọkọ̀ á pọn imú ilé bí ìyá ti ń pọn ọmọ, á sì máa wọ́ ìyókù tẹ̀lé e. Ọkọ̀ tó ń pọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ kú níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Mẹkáníìkì tó wò ó ní gíà rẹ̀ ti jóná pátápátá, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni ẹrù náà ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, àfi kí wọ́n ti wà ní Montana, lókè àríwá. Ọgbà ìpàgọ́ kan wà lẹ́bàá adágún níbẹ̀ tí wọ́n máa ń bójú tó lọ́dọọdún: wọ́n á gba àlejò, wọ́n á fọ ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á sì gbé ilé wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí òtútù á fi dé. Obìnrin tó ni ọgbà náà ti ránṣẹ́ pé bí wọn ò bá dé lọ́jọ́ tí àwọn dá, òun á fi àyè wọn fún ẹlòmíràn. Bí ìyẹn bá bọ́, yàrá ẹ̀yìn ní ilé ọmọ wọn ní Fresno ló kù. Nadine ti sùn ní yàrá náà rí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú rẹ̀, ìyàwó ọmọ náà a sì máa fọṣọ láago mẹ́fà àárọ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Tackett lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni Tackett, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, mà," ó ní, "ọkọ̀ yìí lè fa ilé ẹjọ́ kúrò nídìí."

Nadine ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ibẹ̀, tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè pọ̀n.

"Mi ò béèrè ohun tó lè fà," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé la ti ń gbọ́ ohun tó lè fà. Kí ló lè pọ̀n?"

"Mà, àwọn èèyàn kì í sábà béèrè ìyẹn."

"Ìdí nìyẹn tí gíà wọn fi ń jóná."

Tackett rẹ́rìn-ín sí Orrin, bí ọkùnrin ti ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin. Orrin ò rẹ́rìn-ín padà. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ń fọwọ́ pa bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Búlúù ni ọkọ̀ náà, táyà mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dáadáa, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ́nà, igun ilé ò ní fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn orí awakọ̀. Wọ́n ti gbé ilé wọn sórí òṣùwọ̀n àwọn onítirela nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń rìn, wọ́n sì mọ ohun tí imú rẹ̀ wọ̀n: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún pọ́ùn. Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn yìí ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Àyà Nadine rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Ó tó," ó sọ fún Orrin. "Imú ilé, ìkọ́, àwa méjèèjì, àti gbogbo irin tí o kó pamọ́, ó ṣì ṣẹ́kù."

"Gòkè," Orrin wí. "Jókòó sídìí sítíárìn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Gòkè ná."

Bó ti ń ṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò fẹ́ẹ́ jókòó sídìí sítíárìn rárá. Á ní kí Nadine gòkè, òun á sì yí lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa bi í léèrè bí ẹni ń yẹ ọmọ ilé ìwé wò. Nadine gbà pé orúnkún Orrin ló ń dà á láàmú. Ó di irin etí ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ò dé ibi ìtẹ̀gùn. Ó fi orúnkún gùn ún, ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. Orí bàtà rẹ̀ nìkan ló kan bíréèkì.

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀?" Orrin béèrè.

"Bí mo bá yọ̀ wá síwájú díẹ̀."

"Dígí ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ṣé o rí táyà ẹ̀yìn níbẹ̀?"

"Mo rí ojú ọ̀run."

Orrin sọ̀ kalẹ̀. "A ò rà á," ó sọ fún Tackett. "Ó ga jù."

Nadine rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ méje nìyí. Èyí tí kò lè pọn ilé, òun ló ń kọ̀ ọ́. Èyí tó lè pọ̀n ọ́n, Orrin á ní ó ga, á ní ìjókòó rẹ̀ kò wá síwájú tó. Ọkùnrin tó ga bí òpó iná, tí orí rẹ̀ máa ń kan àjà ilé wọn.

Wọ́n padà sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n yá. Fern, aládùúgbò wọn, ló ni ín. Ó ní Nadine nìkan ni kó máa wà á, pé òun ò fẹ́ ìwàkuwà Orrin. Wọ́n ra búríto méjì, ẹran àti ẹ̀wà tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé, lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọ̀pẹ déètì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀. Nadine gé tirẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e kalẹ̀.

"Bó ò bá fẹ́ lọ, sọ pé o ò fẹ́ lọ," ó ní. "Kí n pe Fresno. Kí n lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àmọ́ má máa fà mí kiri nínú oòrùn yìí bí ajá."

"Mo fẹ́ lọ."

"Ọkọ̀ búlúù yẹn, o fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Kí ló wá ṣe é?"

Orrin ń ká ìwé tí wọ́n fi wé búríto, ó ń tú u, ó tún ń ká a. "Ẹsẹ̀ rẹ ò dé bíréèkì," ó ní.

"Kí ni ẹsẹ̀ mi fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìgbà wo lo jẹ́ kí n wa ilé yẹn rí? Ọdún mọ́kànlá, bí mo bá ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ wákàtí kan, o ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́nà."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Wàá kọ́ ọ."

Nadine yíjú sí i. Orrin ò wo ojú rẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ló ń wò. Ó wá rántí pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó rántí kọfí tó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rántí pé láti ọjọ́ mẹ́rin, òun nìkan ló ń ka ìwé etí ilẹ̀kùn. Orrin ló máa ń kà á tẹ́lẹ̀, kì í sì í gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Orrin. Wò mí."

"Mo ń wò ọ́. Mo ń rí etí rẹ méjèèjì. Mi ò rí imú rẹ." Ó fa ìwé náà ya. "Ọjọ́ tí mo lọ ṣe eyín ní Algodones, lódìkejì ibodè, mo yà sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Mo rò pé gíláàsì ni mo nílò. Ó ní àárín ojú mi ló ń kú. Etí ojú á kù, mi ò ní fọ́jú pátápátá. Àmọ́ ọkọ̀ wíwà ti tán."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Oṣù kejì."

Nadine ka oṣù lórí ìka. "A lọ wo Fern nílé ìwòsàn ní Phoenix lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ lo wà á lọ, ìwọ lo wà á bọ̀."

"Ilà ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ń tẹ̀ lé."

"Mo wà nínú ọkọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Mo sùn, Orrin. Mo sùn nínú ọkọ̀ yẹn."

Nadine bọ́ sílẹ̀, ó rìn dé ìdí ọ̀pẹ, ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wù ú kó gbá a létí. Ó tún wù ú kó dùbúlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀ kó sùn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ti rò pé ohun tó kù fún òun ni kóun jókòó lápá ọ̀tún, kóun máa bó ẹ̀pà fún ọkọ òun. Ó ro Fresno. Ó gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ láago mẹ́fà àárọ̀. Ó ro ilé tó wúwo bí erin, tí òun á máa wọ́ gun òkè, táwọn onítirela á máa fọn fèrè lé òun lẹ́yìn.

Nígbà tó padà dé, Orrin ṣì wà bó ti fi í sílẹ̀.

"Fern mọ̀?"

"Èmi ni mo ní kó sọ pé ìwọ nìkan ni kó máa wà á."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni màá máa bá wí títí dé Montana," Nadine wí. Ó tan ọkọ̀. "Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin yẹn ńkọ́? Ní Wellton."

"O ní ó ń rùn."

"Ó ń rùn. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi dé bíréèkì níbẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ọkọ̀ náà láwọ̀ tíì tí wọ́n bu omi là, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú, ìtọ̀ ẹṣin sì ti wọnú ìjókòó rẹ̀. Nadine ló ní òun ò rà á. Orrin ò jiyàn nígbà yẹn, ó kàn sọ pé ìtẹ̀gùn rẹ̀ dára. Consuelo Arvizu, obìnrin kúkurú tó ń sin ẹṣin, ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ìtẹ̀gùn kejì sí i.

"Ẹ ti padà wá," Consuelo sọ nígbà tó rí wọn. "Òórùn yẹn ò lọ o, mà. Mo tún un fọ̀ lánàá."

Nadine ka etí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Táyà mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀. Ó gòkè láì fi orúnkún gùn ún. Ó tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀. Nínú dígí, ó rí táyà ẹ̀yìn, ó sì rí ẹṣin kan tó ń wò ó.

"Ta ló máa wà á?" Consuelo béèrè lọ́wọ́ Orrin.

"Ìyàwó mi," Orrin wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bíi ti ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ lórí tábìlì ẹlòmíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n so ilé mọ́ ọn, kí oòrùn tó mú. Látọdún mọ́kànlá, Orrin ló ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ wọlé, Nadine á dúró lẹ́yìn, á máa juwọ́. Báyìí Nadine ló wà nídìí sítíárìn, Orrin sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́, ó dorí kodò.

"Wá. Rọra. O ń lọ sí òsì."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Òkúta ń dún lábẹ́ táyà òsì. Ọ̀tún wà lórí kọnkéré."

Nadine tún un tò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èémí rẹ̀ ti ń já. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ gbọ̀n, irin kan irin, ọwọ́ ìkọ́ sì sún wọlé. Nadine rí i nínú dígí. Ó yọrí jáde. "Ó ti wọlé. Jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ irin tí ilé dúró lé sókè ká lọ."

"Kò tíì wọlé."

"Mo rí i, Orrin. Ọwọ́ rẹ̀ ti sún."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló dún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dún."

Nadine fẹ́ bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó bínú lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó yọjú sábẹ́ imú ilé. Ẹnu ìkọ́ ti pa dé lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ló gé jẹ. Ọ̀pá irin ilé jókòó sórí rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ irin sókè tó sì wakọ̀ síwájú, gbogbo imú ilé ì bá já lu ẹ̀yìn ọkọ̀, Montana ì bá sì parí síbẹ̀. Ó wò ó títí. Ó pa tọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo rí?" Orrin béèrè.

"Ó ga jù. Máa sọ ilé náà kalẹ̀ díẹ̀, kí n tún wá."

Orrin wá bọ́tìnnì ẹsẹ̀ irin kàn pẹ̀lú ìka, ó sọ ilé kalẹ̀. Nadine wa ọkọ̀ síwájú, ó tún fi ẹ̀yìn wá. Lọ́tẹ̀ yìí òun náà gbọ́ ọ: ọ̀kan wúwo, èkejì fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó dúró kí Orrin sọ ọ́.

"Ó ti wọlé," Orrin wí.

Wọ́n gba ọ̀nà Quartzsite lọ sí àríwá. Òórùn ẹṣin gba gbogbo inú ọkọ̀. Nadine ò yára, tirela mẹ́fà ti yà á sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fọn fèrè. Èjìká rẹ̀ le bí igi. Orrin ń bó ẹ̀pà, ó ń fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Nadine ní méjì méjì. Èyí tó bá já bọ́, wọn ò wá a.

"Kí ló wà níwájú?" ó béèrè.

"Títì."

"Kí ló tún wà?"

Nadine wo iwájú. Òkè kan wà lọ́nà jíjìn, ó gbọ́dọ̀ gùn ún kó tó sinmi. "Òkè," ó ní. "Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n gbọ́ gíà."

Àwọn méjèèjì tẹ́tí sí gíà náà.