Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Sọ Pé Ó Tó

Àǹtí Monílọ́lá fa pèrègún ààlà náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì jù ú sínú igbó.

"N ò gbà," ó ní. "Ẹ tà á. Kí kálukú gba owó rẹ̀."

Oko kòkó tí olóògbé Akínlolú, bàbá wọn, fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Oǹdó ni wọ́n ń pín sí ìdí igi mẹ́ta, ọ̀kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan: ti Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì, àkọ́bí, ti Àǹtí Monílọ́lá, àti ti Motúnráyọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyàwó kékeré. Ọdún tí epo di ọ̀wọ́n, tí gàárì di oúnjẹ ọlọ́rọ̀, ọdún náà gan-an ni kòkó gbówó lórí. Ẹni tó fẹ́ ra oko ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí wọn ò bá fẹnu kò lónìí, oko lọ nìyẹn, oko tí ìyá Motúnráyọ̀ ti ń jẹun.

Ọmọdé ní í pín, àgbà ní í mú. Ìyá Motúnráyọ̀ ti pín in sí mẹ́ta, Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì sì ti mú. Àǹtí Monílọ́lá, tó wà láàárín, ní wọ́n ti kó èyí tó dára lọ, pé méjèèjì tó kù, kò sí èyí tó tó òun.

Motúnráyọ̀ jókòó lórí igi wíwó kan, ó ń ronú. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, nídìí ìmọ̀ ìṣirò. Lára àwọn ẹ̀kọ́ wọn ni èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí a ṣe ń fi hàn pé nǹkan kan kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi hàn lórí pátákó pé bí ẹnì kan bá pín, tí èkejì mú, kò sẹ́ni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, nítorí bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń ní kí wọ́n pín ẹran nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ẹ̀rí náà gbà. Bí ẹnì kẹta bá ti wọlé, ó fọ́.

"Ẹ jẹ́ ká dán ọ̀nà mìíràn wò," ó ní.

Lawrence, tó ń bá wọn ro oko, yóò gbé pèrègún, yóò máa rọra rìn láti títì lọ sí odò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé ó tó, òun ló ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Lawrence. Wọn yóò gbin ààlà síbẹ̀, àwọn méjì tó kù yóò sì máa bá a lọ.

Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nìyí? Mo rò pé ìṣirò ni. Ṣé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rọ lè wọn ilẹ̀, sà. Kò lè wọn bó ṣe tó lójú yín."

"Èmi ni àgbà. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú."

"Ẹ lè kọ́kọ́ mú, sà. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti gbọ́," Àǹtí Monílọ́lá wí. "Lawrence, ó yá."

Ewé kòkó gbígbẹ ń dún lábẹ́ bàtà Lawrence. Ó kọjá àwọn igi àgbà, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ẹni tó bá yá jù, ìpín kékeré ni tirẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jẹ́ ènìyàn rere kí ọ̀nà náà tó ṣiṣẹ́. Ohun tí Motúnráyọ̀ fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.

"Ó tó," Àǹtí Monílọ́lá wí.

Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì fọwọ́ lu itan. "Ìdí kòkó mẹ́ta péré sí i ni mo ń retí kí n tó sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa retí wọn lọ."

Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì kọjú sí Motúnráyọ̀. "O ti jẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ."

"Bọ̀ọ̀dá, èyí tí wọ́n mú yẹn, ṣé ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta lójú yín?"

"Kò tíì tó. Ìdí tí n ò ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Èyí tó kù fún ìdí igi méjì ńkọ́?"

Ó wo ọ̀nà odò títí. "Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ," ó rọra wí.

Lawrence tún gbéra. Ìyá Motúnráyọ̀ ló sọ "Ó tó" kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi obì méjì. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò sì gbọ̀n. Ìyókù títí dé odò di ti Bọ̀ọ̀dá Oyèníyì, ó sì tẹ ẹni tó fẹ́ ra oko láago pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Bí wọ́n ti ń padà, Bọ̀ọ̀dá fa Motúnráyọ̀ sẹ́yìn. "Má sọ fún wọn o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ṣe é fún mi. Omi wà nínú tèmi."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé títì, Àǹtí Monílọ́lá fi èjìká gbún un. "O ṣeun, àbúrò mi. Ẹni tó ni ẹnu ọ̀nà ló ni oko. Kó mọ sáàárín àwa méjèèjì."

Lórí ìwé ìdánwò, lẹ́tà ábídí mẹ́ta lásán ló dúró fún àwọn tó ń pín nǹkan. Motúnráyọ̀ ti kọ ẹ̀rí ti ẹni mẹ́ta yìí pé, ó sì ti gba máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tó yọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ fi àwọn àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìpín tiwọn: ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, àwọn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, igi obì méjì. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé, lójú òun náà, kò sí èyí tó dára tó tiwọn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.